Tòmátì Tí Mo Sá Sórí Òrùlé Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin ará ìjọ Santa Liberata, Fadá wa tuntun ní kí àwa arúgbó kọ ohun tí a rántí nípa ṣọ́ọ̀ṣì yìí sílẹ̀, kí wọ́n lè kà á níwájú yín lọ́jọ́ tó bá pé àádọ́ta ọdún. Mo mọ̀ pé orin àti òdòdó ni wọ́n ń retí lẹ́nu èmi Incoronata. Wọn ò ní rí i. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, dókítà sì ti ń rọra bá mi sọ̀rọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n bì í jáde kí n tó lọ.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí, ojú yín ti mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ, àwa ará gúúsù orílẹ̀-èdè yìí tí a kó wá sí ìlú Tòrínò níhà àríwá nítorí iṣẹ́ fi ẹ̀rín pa á ni. Ṣọ́ọ̀ṣì tiwa nílé ní òpó, ó ní áńgẹ́lì oníkùn rọ̀gọ̀dọ̀. Èyí jẹ́ kọńkéré lásán, kò ní ọ̀dà, kò ní ilé agogo, òrùlé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi tábìlì, gíláàsì kan ṣoṣo ni wọ́n fi sí i lókè pẹpẹ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. "Gáréèjì Ọlọ́run" ni mo pè é, gbogbo àdúgbò sì gbà á lẹ́nu mi. Savino nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun ni bíríkìlà tó da kọńkéré òrùlé náà, ọkọ Ripalta ọ̀rẹ́ mi. Komáre ni èmi àti Ripalta ń pe ara wa, torí èmi ni mo gbé àkọ́bí rẹ̀ dání lọ́jọ́ ìrìbọmi. Savino a máa fọwọ́ pa ògiri náà bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹṣin lára, a ní, "Ẹ máa rín in. Gbogbo yín ẹ ó kú, èyí á ṣì wà níbí."

Èmi ni mo ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn òrùlé wà lápò aṣọ iṣẹ́ mi. Ẹ̀yin obìnrin gúúsù, ẹ mọ ohun tó máa ń gùn wá lóṣù Kẹjọ: ká lọ tòmátì, ká fi iyọ̀ sí i, ká tẹ́ ẹ sórí pákó kí oòrùn gbẹ ẹ́ títí á fi ki. Níbo la ti fẹ́ rí oòrùn láàárín ilé alájà mẹ́wàá? Mo gbójú sókè, mo rí òrùlé Savino. Pẹ̀lú ìdí mi ńlá yìí, mo gbé pákó mẹ́fà gun àkàsọ̀! Mo fi aṣọ bò ó nítorí ẹyẹ. Mo ní Ọlọ́run ò lè torí tòmátì bínú. Ní Ọjọ́bọ̀ mo kó tòmátì mi tó ti ki sọ̀kalẹ̀, mo fi aṣọ àti èèpo tí mo ṣà kúrò nínú rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, mo ní màá padà wá kó wọn. Ọ̀lẹ ni mí, n kò padà.

Òjò rọ̀ ní Sátidé. Ọjọ́ Ìsinmi ni Bíṣọ́ọ̀bù wá ya ṣọ́ọ̀ṣì sí mímọ́. Bó ṣe gbé òróró sókè báyìí, omi já láti ibi tí gíláàsì ti pàdé kọńkéré, ó dà lé e lórí ṣàà. Omi náà pupa díẹ̀. Fadá Celso tó ń ṣe àlùfáà wa nígbà náà kígbe pé irin inú kọńkéré ti dípẹtà. Èmi nìkan ló gbóòórùn ewé basílì, ewé tó jọ efinrin, tí mo fi sínú tòmátì.

Mo sáré gòkè. Aṣọ mi àti èèpo tòmátì ló dí ihò tí omi òjò ń gbà lọ, omi sì ti kún dé etí gíláàsì. Mo fà wọ́n jáde, mo ki wọ́n bọ abẹ́ yẹ̀rì mi, omi tútù ń ṣàn ní itan mi, mo sì sọ̀kalẹ̀ bí ẹni mímọ́. Fadá bi mí pé, "Incoronata, ṣé ẹnì kankan ti gun òrùlé yìí?" Mo ní, "Fadá, kọ́kọ́rọ́ ò kúrò lápò mi rí." Savino dúró nínú kóòtù tó fi ṣègbéyàwó, ó ní, "Mo dà á dáadáa. Ọwọ́ ara mi ni mo fi dà á." Ká ní mo pa ẹnu mi mọ́ níbẹ̀, ì bá sàn. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á wo ọ̀dọ̀ mi, ni mo bá pariwo láàárín èrò pé, "Savino, sìmẹ́ńtì tó kù ńkọ́? Báwo ni bálíkónì ilé yín ṣe tuntun tó bẹ́ẹ̀?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe sọ ọkùnrin yẹn di olè nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó tún gbé iṣẹ́ fún un. Kí òtútù tó dé, wọ́n ń kó lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù. Ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, Ripalta dì mọ́ mi lọ́rùn, ó ní, "Komáre, ìwọ nìkan lo wá sìn wá. Ṣé o mú ìgò kan wá fún mi nínú tòmátì rẹ? Mo gbọ́ pé kò sí oòrùn níbẹ̀." Mo fún un. Tòmátì orí òrùlé yẹn gan-an ni.

Lọ́dún kẹsàn-án ó kọ̀wé pé Savino ti kú: "Títí ó fi mí èémí ìkẹyìn, ó ń bi mí léèrè ibi tí òun ti ṣì í." N kò fèsì. Ó tún kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́.

N kò tún rí ọ̀rẹ́ bíi tirẹ̀ mọ́. Ọkọ mi kú, àwọn ọmọ mi lọ, àwo kan ṣoṣo ni mo ń gbé sórí tábìlì lọ́jọ́ Ìsinmi, mo sì ń bá a jà pé kò dùn tó. Lẹ́yìn náà màá wá jókòó sábẹ́ gíláàsì yẹn, màá sì gbójú sókè. Láti àádọ́ta ọdún, ẹ̀kán omi kan ò tún já. Ṣé kò sẹ́ni tó kíyè sí i ni?

Orúkọ gbogbo àwọn tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yìí wà lára òkúta ẹnu ọ̀nà. Ti Savino Capurso nìkan ni kò sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fín in sí i, sókè pátápátá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ẹ bá ba nǹkan jẹ́, ẹ sọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ aṣọ inú ihò lásán. Àti ìwọ ọmọ Ripalta tí mo gbé dání, bí ìwé yìí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, bẹ́ńṣì kejì lápá òsì ni mo máa ń wà. Wá bú mi. N kò ní dá ọ lóhùn. Kó o ṣáà jókòó tì mí díẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀.