Igi Tí Bàbá Ọ̀ízà Gbé Wá Sí Ọ́fíìsì Owó Orí

Nígbà tí mo wà lọ́mọge, tí mo ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì owó orí ní ìlú Ìṣẹ́ wa níbí… ọmọ-ọmọ mi, sún fóònù tó ń gbohùn mi sílẹ̀ yẹn mọ́ mi, ohùn mi ò lọ sókè mọ́… kò sí ohun tó ń sú mi tó kí n bi àlejò pé ṣé ó ti san owó orí, kó sì fi gbogbo ẹnu sọ pé òun ti san án. Níbo? Kò mọ̀. Risíìtì ńkọ́? Á máa wo òrùlé.

Ẹ gbọ́, àwọn Ìgbìrà tó wá ń dáko lọ́dọ̀ wa ni mo ń wí. Wọ́n lè ṣiṣẹ́ jù wá lọ. Ṣùgbọ́n ta ló jókòó tì wọ́n, tó là á yé wọn? Kò sẹ́nìkan.

Bàbá Ọ̀ízà wá lọ́jọ́ Ajé kan. Ọ̀ízà ọmọ rẹ̀ obìnrin ti rí ìwé ìgbaniwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì l'Adó. Wọ́n ní kó mú risíìtì owó orí bàbá rẹ̀ wá, ti ọdún mẹ́ta. Bí ọjọ́ Ẹtì bá kọjá, àyè rẹ̀ di ti ẹlòmíì. Mo ní risíìtì dà? Ọkùnrin yìí tú aṣọ tó fi wé nǹkan kan, ó gbé igi gbọọrọ kan lé tábìlì mi. Ó ti fi ọ̀bẹ gé àmì mẹ́ta sára rẹ̀.

"Àǹtí, àmì kan, ọdún kan. Mo san án pé."

Kí lẹ san? Ó ní ogún iṣu àti kẹ́ẹ̀gì epo kan, lọ́dọọdún, fún bàbá tó nílẹ̀.

Háà. Ìṣákọ́lẹ̀ ni! Ohun tí àlejò ń fún onílẹ̀ kó tó lè dáko, òun ló rò pé ìjọba ń gbà. Mo ní ta ni bàbá náà… Ó dárúkọ bàbá mi.

Bàbá tó bí mi. Iṣu yẹn, mo jẹ nínú ẹ̀.

Ẹ ò rí nǹkan.

Mo fa fọ́ọ̀mù yọ. Wàhálà mìíràn tún nìyẹn. Mo ní èló ló ń wọlé fún yín lọ́dún? Ó ní Ọlọ́run ń ṣe é. Mo ní ebè mélòó lẹ kọ? Ó ní ẹnìkan kì í ka ebè rẹ̀ sókè. Láti àárọ̀ dé ọ̀sán! Ọ̀gá mi wá ní bí onílẹ̀ ò bá wá jẹ́rìí pé ọdún mẹ́ta ni ọkùnrin yìí ti ń dáko níbẹ̀, òun ò lè já risíìtì ọdún mẹ́ta fún un.

Mo fẹsẹ̀ rìn lọ bá bàbá mi lóko. Ó ní òun ò lọ. Ó ní wọ́n á bi òun náà léèrè owó orí tòun. Òótọ́ ni, kò san án rí. Tó bá ti gbúròó agbowó-orí, inú oko ló ń sùn.

"Ṣé èmi ni mo ní kó má san ti ìjọba ni? Uṣu ló gbé wá, mo gbà á."

"Bàbá, ẹ mọ̀ pé kò mọ̀."

Ó ń họ yẹ̀pẹ̀ ara ọkọ́ rẹ̀. Mo ní ẹ rán ọmọ tiyín níwèé, ti ọmọ ẹlòmíì ńkọ́? Mo yí padà. N ò dágbére.

Ní Ọjọ́bọ̀, bàbá mi wọlé wá tòun ti fìlà. Kò wojú mi. Ó tẹ̀ka fún Bàbá Ọ̀ízà tán, ó ní, "Kọ tèmi náà."

Bàbá Ọ̀ízà san owó ọdún mẹ́ta, ọ̀gá mi já risíìtì fún un, Ọ̀ízà sì dé ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo bí ìyá yín, ọwọ́ Ọ̀ízà ló bọ́ sí.

Ẹ wáá wo ayé òde òní. Wọ́n ní inú fóònù la ó ti máa kọ fọ́ọ̀mù owó orí báyìí. Ọmọ tó ti Èkó wá yẹn, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún òyìnbó nínú yàrá ẹ̀yìn, mo bi í lánàá pé owó orí ẹ̀ ńkọ́. Ó ní, "Màmá, mo ti san ti iná, mo san ti ọlọ́dẹ, mo san ti láńdílọ́ọ̀dù."

Láńdílọ́ọ̀dù… Ta ni láńdílọ́ọ̀dù ẹ̀? Èmi náà ni! Ọdún méjì ni mo ti ń gbowó ilé lọ́wọ́ ẹ̀, tí n ò bi í ní nǹkan kan.

Ẹ lọ pè é wá. Kó gbé fóònù ẹ̀ dání, ká jọ kọ tiẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ gbọ́: bí ẹ bá nílẹ̀, bí ẹ bá kọ́lé, ẹ má jẹ uṣu àlejò kí ẹ wá dákẹ́.