Omi Tí Kì Í Dànù

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ wa, lóṣù yìí mi ò ní dáhùn ìbéèrè kankan lórí táyà. Ẹni tó kọ̀wé béèrè bóyá kí òun ra ọkọ̀ tí wọ́n lè ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn, kó ní sùúrù, èsì rẹ̀ á jáde láàárín ọ̀rọ̀. Ohun kan wà nínú mi tó ti pé ọdún méje, ó sì ti tó kó jáde wàyí. Bí kò bá jáde lóṣù yìí, ẹ ó fi oyè "Baba Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀" dá mi lọ́lá níbi ìpàdé ọdún, n ó gbà á, n ó rẹ́rìn-ín, n ó sì di ọ̀daràn olóyè. Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá ń mu tíì, kó gbé e kalẹ̀ ná.

Nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí n là á kalẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, a máa ń háyà títì ìsáré láti àárọ̀ Sátidé títí di ìrọ̀lẹ́. Kálukú á gbé ọkọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ rẹ̀ wá, ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì tí ìyàwó ilé ń pè ní ohun ìṣeré àgbàlagbà. A ó yẹ bíréèkì wò, a ó fún nọ́ọ̀tì táyà, a ó dé akoto, a ó sì máa yí títì náà po. Kì í ṣe eré ìje. Ìdíje kan ṣoṣo tí a ní, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, ìdíje abọ́ omi. Ẹni tó jókòó ti awakọ̀ á gbé abọ́ lé itan, omi inú rẹ̀ á kún dé ojú ìlà pupa, awakọ̀ á sì yí títì po lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí kí ẹnikẹ́ni má baà máa wọ́ lọ bí ìgbín. Tí wọ́n bá dé, alága wa, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, á ti rúlà bọ inú abọ́ kó lè mọ iye tó ṣẹ́kù. Ẹni tí omi rẹ̀ kò bá dànù ló ni ife ẹ̀yẹ. Ó bọ́gbọ́n mu, torí ọkọ̀ wíwà kì í ṣe ariwo. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wà, ọwọ́ rẹ̀ á rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ á sì wọ kọ́nà bí ẹni tó ń wọ ilé àwọn àna rẹ̀. Ọdún méje ni mo gba ife náà léra wọn. Ọdún méje ni mo fi jalè.

Oníkéèkì ni mí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú kíṣínì mi, ìyẹ̀fun kan wà tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí a fi ń mú omi èso dì lórí kéèkì. Bí ó bá pọ̀ nínú omi, omi á dì gbagidi. Bí ó bá kéré, omi á kàn wúwo díẹ̀ ni, kò ní ta, kò ní fò, á jókòó jẹ́ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wí. Òfin ẹgbẹ́ sì ni pé kí kálukú gbé omi tirẹ̀ wá láti ilé nínú ìgò, torí ẹ̀rọ omi títì yẹn kì í ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ wo ibi tí Èṣù ti ráyè jókòó! Lọ́dún àkọ́kọ́, àwàdà ni mo pè é. Mo ní tí a bá ń jẹun lọ́sàn-án n ó sọ ọ́, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ló gbé abọ́ náà. Nígbà tí a dé kọ́nà kejì, ó wo itan rẹ̀, ó ní, "Bàbá Ìbejì, omi wo lèyí? Àwa yà, omi ò yà." Mo ní kó panu mọ́, àwàdà ni. Ó ní, "Àwàdà tó ń gba ife ẹ̀yẹ?" Alága ti rúlà bọ̀ ọ́, ó pariwo pé, "Kò dín rárá! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!" Ìyàwó mi sáré da omi náà sí koríko kí ẹnikẹ́ni tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo la ẹnu láti sọ òótọ́, ọpẹ́ ló jáde. Ẹ̀yin tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún rí lẹ lè mọ̀ bó ṣe ń dùn tó.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ ní kí n máa kọ ojú ewé yìí, mo sì ń kọ ọ́. Mi ò ní pa irọ́ mọ́ irọ́: òótọ́ ni àwọn ìmọ̀ràn tí mo kọ síbí, mo sì dúró lórí wọn títí dòní. Ọkọ̀ fífúyẹ́ sàn ju ọkọ̀ alágbára lọ, torí ojú títì tó gùn gbọọrọ ni agbára ti ń dùn, inú kọ́nà sì ni ìgbádùn wà. Bíréèkì àti táyà ni kí o kọ́kọ́ náwó lé, kì í ṣe sàlẹ́ńsà tó ń bú ramúramù. Má ra ọkọ̀ tí kò ní lè gbé ọ padà sílé lẹ́yìn eré. Má sì ra èyí tó jẹ́ pé bí òkúta bá ta bà á, ìwọ ni ibà máa mú. Jókòó sínú rẹ̀ fún wákàtí kan kí o tó sanwó, torí ẹ̀yìn ríro kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Èyí tí wọ́n lè ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn, rà á, ṣùgbọ́n ra fìlà mọ́ ọn. Gbogbo ayé ni mo gbà nímọ̀ràn rere. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo gbà ní ìmọ̀ràn èké, ẹni náà sì ni àna mi.

Ẹ mọ̀ ọ́n, atún-aago-ṣe, ọkọ àbúrò mi obìnrin, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọkọ̀ pupa rúsúrúsú kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn, ọkọ̀ àtijọ́ tí kò lórùlé. Ọdún méjì gbáko ló fi tú ẹ́ńjìnì rẹ̀ palẹ̀ tó sì tò ó padà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kí n má purọ́, òun ló mọ ọkọ̀ wà jù láàárín wa. Ọdọọdún ló ń ṣe ipò kejì, ìwọ̀nba omi tí kò kún ṣíbí méjì ló sì máa ń dànù lọ́dọ̀ rẹ̀. Omi gidi, omi tí Ọlọ́run dá! Lẹ́yìn ọdún kẹta ó wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, kí ni mo ń ṣe tí kò dára? Ẹ bá mi wò ó." Ẹ̀rù bà mí. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni kó máa wá ohun tó bàjẹ́ títí yóò fi rí i, bí kò bá sì rí i lára ọkọ̀ tirẹ̀, abọ́ tèmi ló kàn. Ni mo bá ní, "Ọkọ̀ rẹ ló fúyẹ́ jù. Òun ló ń ta omi dànù." Èmi tí mo ti kọ ọ́ síbí lóṣù tó ṣáájú pé ọkọ̀ fífúyẹ́ ni ọba! Kò bá mi jiyàn. Ó ta ọkọ̀ náà fún agbẹ̀bí kan ní ìgboro. Àbúrò mi ní lọ́jọ́ tí wọ́n wá gbé e, ọkọ òun fi aṣọ nu gbogbo ara rẹ̀, ó tún nu ibi tó ti nù tẹ́lẹ̀. Ó wá ra ọkọ̀ dúdú kan tó tóbi, tó wúwo, tó ń bú bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìdajì omi rẹ̀ ló dànù. Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ibi tó burú jù là ń bọ̀ yìí, ẹ má tíì gbé tíì yín. Lọ́dún karùn-ún, ó wọ kíṣínì mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo ń kọ orúkọ sórí kéèkì ọjọ́ ìbí. Ó dúró síwájú pẹpẹ ìkóǹkansí, páálí ìyẹ̀fun mi sì wà níbẹ̀, kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí orí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti pààrọ̀ ọkọ̀. Mo ti pààrọ̀ táyà. Kí ló kù?" Páálí náà ló kù! Kí n kàn na ọwọ́ ni, kí n gbé e sílẹ̀, kí n sọ pé, "Àna mi, wo aburú tí mo ṣe." Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo ní, "Àbí ọwọ́ rẹ ni? Ó jọ pé mo rí i tó ń gbọ̀n díẹ̀." Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ! Ọwọ́ tó ń fi ẹ̀mú gbé nọ́ọ̀tì tí ojú lásán ò lè rí! Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń wò wọ́n, bó sì ti ń wò wọ́n ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ta ni wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀ fún tí ọwọ́ rẹ̀ ò ní gbọ̀n? Ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ òótọ́ fún mi." Ó bá tirẹ̀ lọ. Èmi náà padà sídìí kéèkì, mo sì kọ orúkọ ọlọ́jọ́ ìbí ní àṣìkọ.

Ọdún méjì kọjá lórí ọ̀rọ̀ yẹn, mo tún gba ife méjì sí i. Lóṣù tó kọjá, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù àna mi kọjá. Wọ́n ti fi aṣọ wé gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀. Àbúrò mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n wá gbé aago wọn. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Ó ní ọwọ́ òun ti lọ." Ó ti tó ọdún méjì tí kò ti gba aago ọwọ́ mọ́, aago ògiri nìkan ló ń tún ṣe, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àna mi jáde síta, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Mi ò fẹ́ ba aago olówó aago jẹ́. Ẹ̀yin ti rí i tipẹ́, ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo ń ṣagídí." Bí mo ṣe délé, mi ò lè jẹun. Ìyàwó mi fi abọ́ oúnjẹ sílẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Bàbá Ìbejì, àwàdà yẹn ti tó. Bí ẹ ò bá lọ sọ ọ́, èmi á lọ sọ ọ́, n ó sì sọ ọ́ ju bó ṣe rí lọ."

Lọ́jọ́ kejì, ní ọ̀sán gangan, mo gbé abọ́, páálí àti omi gbígbóná lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo po omi náà níwájú tọkọtaya. Mo dúró kó tutù, mo gbé abọ́ náà, mo fì í sọ́tùn-ún, mo fì í sósì. Omi ò mira. Àna mi ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi àtàǹpàkò rà á wò. Ó ní, "Ọdún mélòó?" Mo ní, "Méje." Ó ní, "Ọkọ̀ mi ńkọ́?" Mo ní, "Kò sóhun tó ṣe é." Ó ní, "Ọwọ́ mi ńkọ́?" Mo ní, "Kò sí irú rẹ̀ nílùú yìí. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Jọ̀ọ́, dárí jì mí." Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti gba abọ́ náà lọ́wọ́ mi tó sì dà á lé mi lórí. Omi tí kò dànù fún ọdún méje dànù lọ́jọ́ kan. Ẹ ò lè mọ bó ṣe ń rìn lọ́rùn ènìyàn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò kánjú rárá.

Àna mi ò rẹ́rìn-ín. Ó tú aṣọ tó fi wé irinṣẹ́ rẹ̀, ó há awò kékeré sójú, ó mú aago obìnrin kan tó ti pa tì láti ọdún méjì, tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ó ṣí i. Ó fi ẹ̀mú gbé nọ́ọ̀tì kan, ó gbé e sípò. Ó gbé ìkejì. Ó gbé ìkẹta. Ọwọ́ rẹ̀ dúró bí òkúta. Ló bá dorí kodò sórí tábìlì, èjìká rẹ̀ ń mì, mi ò sì mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín, títí tó fi gbórí sókè tí mo rí i pé méjèèjì ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé. Bí ẹ bá dúró, n ó sọ ohun tí kò yẹ kí àna sọ." Mo lọ.

Ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí yẹn ni mo gbà lọ, mo fẹ́ ra ọkọ̀ náà padà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ọkọ̀ yìí? Òun ló ń gbé mi dé kí ọmọ tó dé. Mi ò tà." Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo jẹ́wọ́ fún òun náà, ó sì rẹ́rìn-ín débi pé ó di ògiri mú. Ó gbà kí àna mi máa yá a ní Sátidé kan lóṣù. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní títì lọ́sẹ̀ tó kọjá rí i. Kò gbé omi kankan dání. Yípo mẹ́ta, yípo márùn-ún, yípo mẹ́wàá, títí ọwọ́ fi ro ọkùnrin tó ń ju àsíá. Alága bi mí pé kí ló ń ṣe ọkọ àbúrò mi tó fi ń pariwo bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo ní kí wọ́n dúró de ìwé ìròyìn oṣù yìí.

Ó ti jáde báyìí. Ife méjèèje ti wà nílé alága, ẹ kó wọn fún ẹni tó ni wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí, bí ẹ bá sì ní kí n kúrò lẹ́gbẹ́, mo gbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ojú ewé yìí láti mọ ọkọ̀ tí ẹ máa rà, ẹ bi ẹni tó ń gbà yín nímọ̀ràn pé kí lèrè tirẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ń pa yín lẹ́rìn-ín ní gbogbo kọ́nà, ẹ má tà á nítorí ẹnu ẹnikẹ́ni, pàápàá jù lọ ẹnu ẹni tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Bí ẹnì kan bá sì fọkàn tán yín tó bi yín léèrè òótọ́, ẹ sọ ọ́ níjọ́ kìíní, torí ìjọ́ kìíní ló kéré jù.

Láàárọ̀ yìí, àbúrò mi pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Aago ọwọ́ mẹ́rin ló ti gbà. Ó ń kọrin nídìí wọn, kò tiẹ̀ gbọ́ pé mo ń pè é jẹun."

Mo ní, "Ọpẹ́ o! Ṣé ó ti dárí jì mí nìyẹn?"

Ó ní, "Òun ti dárí jì yín. Ó ku èmi."