Ilé Ikán Tí Bilal Gbé

[Fóònù ń dún. Ariwo èrò lẹ́yìn.]

HAMEEDAT: Hello? Màmá Àgbà, ẹ kú ọ̀sán, mà—

MÀMÁ: Àníkẹ́! Ọmọ ọmọ mi! Ṣé o ti jẹun? Ará Afaka ńkọ́?

HAMEEDAT: Wọ́n wà. Níbo lẹ wà tí ariwo pọ̀ báyìí?

MÀMÁ: [ó ń kọrin] Ikán ń kọ́lé, kò pariwo, òjò rọ̀, ilé ò wó o—

HAMEEDAT: Màmá!

MÀMÁ: Ṣé o gbọ́ mi?

HAMEEDAT: Orin nìkan ni mò ń gbọ́. Where are you?

MÀMÁ: Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, ní Ungwan Shanu. Fíìmù ikán yẹn la wá wò.

HAMEEDAT: Haba! Mo ní kẹ́ ẹ má lọ! Èmi ni mo fi kọ̀ǹpútà ya gbogbo ikán yẹn, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bilal tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kó o lọ, ó fi orúkọ ara ẹ̀ sí i. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

MÀMÁ: Ó yọ orúkọ ẹ, àbí?

HAMEEDAT: He deleted everything.

MÀMÁ: Kò yọ orin mi.

HAMEEDAT: Kí lẹ wí?

MÀMÁ: Ṣé o gbọ́ mi? Orin ẹkún tí ìyàwó ikán sun nígbà tó ń kúrò nílé! Ìwọ lo gba ohùn mi sílẹ̀ ní kíṣìnnì. Bilal ò gbọ́ Yorùbá àwọn àgbà, ó rò pé orin lásán ni.

HAMEEDAT: Yéè! Oríkì ilé wa ló wà níbẹ̀!

MÀMÁ: "Èmi Àníkẹ́, ọmọ ilé Olókìtì"! Àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín, àwọn obìnrin ń nu ojú, àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ ń wo ara wọn. Ni Alhaji Hámzàt, alága wa, bá bi í: "Bilal, ará Ọ̀yọ́ ni bàbá ẹ. Ta ló kọrin ilé Olókìtì Ògbómọ̀ṣọ́ fún ẹ?"

HAMEEDAT: Kí ló wá sọ?

MÀMÁ: Ó ní ìyá àgbà òun ni.

HAMEEDAT: Kai!

MÀMÁ: Mo bá dìde. Mo ní, "Èmi náà rè é, ọmọ mi. Wá dọ̀bálẹ̀, kí n kì ọ́ dáadáa."

HAMEEDAT: Ẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀!

MÀMÁ: Ó dọ̀bálẹ̀! Kí ló fẹ́ ṣe? Gbogbo àwọn bàbá ń wò ó. Bẹ́ẹ̀ ọmọ gidi kì í dìde títí oríkì á fi parí. Mo kì í dé ìdajì, mo ní kó dúró dè mí, mo fẹ́ pe ẹnì kan.

HAMEEDAT: Ó ṣì wà nílẹ̀?

MÀMÁ: Pẹlẹbẹ bí aáyán! Tòun ti kafutáánì funfun! [ó ń kọrin] Ẹni tó gbé ilé ikán, ikán á bá a délé, á jẹ òrùlé rẹ̀—

[Ìlà ń já, ó tún ń padà.]

MÀMÁ: Ṣé o gbọ́ mi?

HAMEEDAT: Mo gbọ́ yín. Ẹ gbé fóònù sí i létí.

[Ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀.]

BILAL: Hameedat, please, my elbows—

HAMEEDAT: Ta ló ni fíìmù?

BILAL: It's yours. I'm sorry, walla—

HAMEEDAT: Ní Yorùbá. Àwọn bàbá ò gbọ́.

MÀMÁ: Gba máìkì. Má dìde o!

BILAL: [ohùn ń dún nínú gbohùngbohùn] Hameedat... ló ṣe é. Èmi... mo jí i.

[Ariwo ńlá. Àtẹ́wọ́.]

MÀMÁ: Ó ti jẹ́wọ́ o! Wọ́n ń pe orúkọ ẹ, Àníkẹ́! Ṣé kó dìde?

HAMEEDAT: Oríkì yẹn, ó kù púpọ̀?

MÀMÁ: Mi ò tíì kan bàbá bàbá mi.

HAMEEDAT: Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

MÀMÁ: [ẹ̀rín, lẹ́yìn náà orin] Èmi Àníkẹ́, ọmọ ilé Olókìtì—

BILAL: Haba, Hameed—

[Ìlà já.]