Ìyàwó Bàbá Tí Kò Fi Májèlé Sọ́bẹ̀

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa láti Ganaja lọ sí Felele ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, láàárín obìnrin kan àti ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ ìtàn sórí fóònù rẹ̀.

Obìnrin náà ló yọjú wo fóònù. Ó kí i bí àwọn ará Okun ṣe ń kíni, ó ní, "Okun o, ọmọ mi. Má bínú, mo rí ohun tí ò ń kọ. Ṣé ìyàwó bàbá yẹn náà fẹ́ pa ọmọ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Inú ọbẹ̀ ló máa da májèlé sí."

"Ìyàwó bàbá lèmi náà. Ìyá ọmọ tí mo bá nílé ọkọ mi ti kú, èmi ni mò ń dirun fún un. Láti ìgbà tó ti ń wo fíìmù ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn báyìí, kì í jẹ oúnjẹ mi mọ́, àfi kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú rẹ̀. Mo ti di atọ́bẹ̀wò nínú ilé ara mi."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ó ní, "Ṣùgbọ́n tí kò bá fẹ́ pa á, kí ló máa wá ṣẹlẹ̀, mà? Ìtàn gbọ́dọ̀ ní wàhálà."

"Jẹ́ kí ọmọ náà sọ pé òun ò ní wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ iléèwé. Wàhálà yẹn tó odidi ìwé."

Ọmọbìnrin náà pa ohun tó ti kọ rẹ́, ó ní, "Báwo lẹ ṣe máa ń bẹ ọmọ tiyín kó tó wẹ̀?"

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní Felele, ọmọ inú ìtàn náà kò tíì gbà láti wẹ̀.