Idà Ọba Arthur Kò Padà sí Ààfin

Alága ìjókòó òní, Olóyè Akínfẹ́mi, mo kúnlẹ̀, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbààgbà tí ẹ jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún alága, àti ẹ̀yin tí ẹ sá wá sí ọwọ́ òsì nítorí pé fáànù ọwọ́ ọ̀tún kò yí, mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Fadá wa, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Alhaji Yahya, ẹ̀yin tí ẹ ti ìsọ̀ yín pa lójú ọjà ní ọjọ́ Sátidé nítorí ìfẹ̀yìntì mi, Ọlọ́run kò ní í ti ilẹ̀kùn tiyín. Ẹ̀yin ọ̀gá mi àti àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́, ní ọ́fíìsì ìròyìn ìjọba, ẹ kú àdúrótì. Ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́ Awòran Ọba Arthur ti ìlú Ọ̀wọ̀, ẹ̀yin tí ẹ gba gbọ̀ngàn yìí, tí ẹ ra kéèkì, tí ẹ fi páálí ṣe adé dé sórí, mo rí yín. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ń bọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀ pẹ́. Ṣèyíọlá, akọ̀wé ẹgbẹ́, ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ti Màmá Sinimá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Èmi Veronica Dùnsìn, tí mo fi ẹnu yìí jẹun lọ́wọ́ ìjọba láti ìgbà tí mi ò tíì lọ́kọ títí mo fi di ìyá àgbà! Ẹni tí ebi bá ń pa kó máa jẹ kéèkì. Ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu mi, inú sì ń bí mi. Kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ sọ fún mi pé sùúrù ni baba ìwà. Mo mọ baba náà dáadáa, a ti jọ gbé pẹ́, òun gan-an ló ní kí n wá sọ̀rọ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́, kí ìbínú tó gba ẹnu mi. Nígbà tí mo wọ iṣẹ́, a ní ọkọ̀ sinimá kan ní ọ́fíìsì, ọkọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé bó bá ti fojú kan òkè, gbogbo wa la óò sọ̀ kalẹ̀ tì í. Jonah ló ń wà á, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Jonah tó lè fi ọṣẹ ìfọṣọ dí tánkì epo tó ń jò lójú ọ̀nà Isuada, tí yóò sì máa kọrin ìsìn lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Hàmídù ló ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán jáde. Iṣẹ́ tèmi ni kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí a ta mọ́ ògiri ilé ìwé, kí n máa fi èdè Ọ̀wọ̀ sọ ohun tí àwọn òyìnbó inú àwòrán ń sọ. Ìjọba ní kí a fi fíìmù abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ han àwọn ará oko. A fi hàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ti oko kòkó dé, tí yóò wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí àtiwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fi Ọba Arthur tẹ̀lé e. Fíìmù àtijọ́ kan ni, ó ti já, a ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ títí. Uso wò ó, Isuada wò ó, Iyere wò ó títí àwọn ewúrẹ́ ibẹ̀ fi mọ ìgbà tí ogun yóò bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin àlejò tí ẹ ò mọ ìtàn náà, ẹ gbọ́ o. Ọmọ kan wà tí ẹnikẹ́ni ò kà sí. Ó fa idà kan yọ lára òkúta, idà tí àwọn alágbára ti fà tì, ni wọ́n bá fi jọba. Ó ṣe tábìlì róbótó kan, kí ẹnì kan nínú àwọn jagunjagun rẹ̀ má baà jókòó borí ẹnì kejì. Lẹ́yìn náà ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀, ogun dé, wọ́n ṣá ọba lọ́gbẹ́. Ìtàn náà nìyẹn. Ìparí rẹ̀ ló gbé mi dúró síbí.

Ọkọ̀ wa kú, ìjọba ò tún un ṣe. Ìtàn ò kú ní tirẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà náà, tí ikun ń dà nímú wọn lójú mi, wọ́n di tíṣà, wọ́n di nọ́ọ̀sì, wọ́n di lọ́yà, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Nígbàkigbà tí àwọn òyìnbó bá ti ṣe fíìmù tuntun tàbí síríìsì tuntun nípa Ọba Arthur, ẹ óò pé jọ síbí lọ́jọ́ Sunday, Hàmídù yóò gbé ẹ̀rọ wá, ẹ óò wò ó, ẹ óò jiyàn, ẹ óò rẹ́rìn-ín, ẹ óò sì tú ká ní àlàáfíà. Ta ni kò fi yín yangàn? Mo fi yín yangàn ní Àkúrẹ́! Mo sọ fún ọ̀gá àgbà pé ẹ lọ wo Ọ̀wọ̀, ẹ lọ wo ibi tí ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kátólíìkì ti jọ ń jiyàn lórí ọba ilẹ̀ òkèèrè, tí wọn ò sì jà.

Kí ló wá bá yín? Ẹ dá mi lóhùn! Kí ló bá yín? Ẹ gbé ìjiyàn sórí WhatsApp, ẹnu sì di àdá. Irun ayaba pupa nínú fíìmù kan, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan bú ọmọ òyìnbó tó ṣe ayaba, ọmọ ọlọ́mọ tí kò mọ̀ pé a wà láyé, ẹ bú ìyá tó bí i. Síríìsì kan fi aláwọ̀ dúdú ṣe ọ̀kan nínú àwọn jagunjagun ọba, ta ló kọ́kọ́ pariwo? Àwa ni! Àwa ọmọ Ọ̀wọ̀, tí a dúdú bí ìdí ìkòkò, àwa la ń kọ ọ́ pé kò bá ìtàn mu, pé ènìyàn dúdú kò sí láàfin Arthur. Ẹ gbọ́ ná, ṣé dígí ò sí nílé yín ni? Alága, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọ yín wà nínú wọn.

Mo fara da gbogbo ìyẹn. Èyí tí ẹ ṣe lóṣù tó kọjá ni mi ò lè gbé mì.

Apá ìkẹyìn síríìsì tuntun yẹn la wò. Ọba dùbúlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ó ní kí jagunjagun kan gbé idà òun lọ jù sódò. Ó jù ú. Ọwọ́ kan yọ láti inú omi, ó gba idà náà, ó sì rì padà. Háà! Gbọ̀ngàn yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ariwo yín. "Irọ́ ni! Wọ́n ti ba ìtàn jẹ́! Idà padà sí ààfin! Wọ́n gbé e sórí àga ọba títí ọba yóò fi bọ̀!" Ṣèyíọlá gun orí àga, bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ, má wo ilẹ̀. Hàmídù tó dúró ti ẹ̀rọ rẹ̀ nu ojú, ó ní, "Èmi o, ó wọ̀ mí lára. Ó dáa bí omi ṣe gbà á yẹn." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ti sọ ọ́ di ọ̀dàlẹ̀. Ẹ ní kò mọ ìtàn. Ẹ ní kí ló mọ̀ ju epo àti pọ́lọ́ọ̀gì jẹnẹrétọ̀ lọ. Ẹnì kan tí ọkùnrin yìí gbé sí èjìká nígbà tó wà ní kékeré kó lè rí àwòrán, ó kọ ọ́ pé, "Ẹni tó ń tan iná, kó gbájú mọ́ iná." Ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tó ń pọ́n tábìlì róbótó lé, ẹ lé ènìyàn kúrò nídìí rẹ̀ nítorí pé ó sunkún níbi tí ẹ̀yin ti bínú!

Ẹ jẹ́ kó yé yín o, èmi náà ò fẹ́ràn síríìsì yẹn. Kò dáa! Oṣó ọba inú rẹ̀ kéré ju ọmọ mi Monica lọ, gbogbo ilé ṣókùnkùn bí ẹni pé wọn ò san owó iná, mo sì sùn lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n bí ọbẹ̀ kan ò bá dùn mọ́ mi lẹ́nu, ṣé màá wá gba àwo lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ́ ni?

Ó dáa. Mo ní ìbéèrè kan fún ẹ̀yin onímọ̀ ìtàn. Ta ló sọ fún yín pé idà padà sí ààfin? Inú ìwé wo lẹ ti kà á? Ẹ wá a, mo fún yín láyè. Ẹ ò ní í rí i láéláé, nítorí pé kò sí níbẹ̀. Èmi ni! Èmi Veronica ni mo sọ ọ́, ní Iyere, níwájú ilé ìwé, lójú Jonah àti Hàmídù.

Inú omi ni idà lọ nínú fíìmù tiwa náà. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fi hàn wọ́n ní Iyere, bí ọkùnrin yẹn ṣe ju idà sódò, olóyè arúgbó kan dìde níwájú, ó ké pé, "Èèwọ̀! Ṣé idà oyè la ń jù sódò? Idà tí kò bá padà sílé tó ti wá, ilé náà ti parun!" Gbogbo àgbàlá dìde, wọ́n ń gbé àpótí ìjókòó wọn. Bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ kejì ni àwọn nọ́ọ̀sì fẹ́ wá fún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá fi ìbínú lọ sílé, ọmọ wo ni wọn óò gbé wá? Mo bá lọgun pé, "Ẹ jókòó, ẹ̀yin bàbá mi! Kò sọnù! Ọ̀nà ààfin wà lábẹ́ omi yẹn. Ọwọ́ tí ẹ rí yẹn, ọwọ́ ìyá ọba ni, ó ń gba idà padà sílé, wọn óò gbé e sórí àga títí ọba yóò fi bọ̀." Bàbá náà mirí, ó jókòó. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, àwọn nọ́ọ̀sì ò ráyè jẹun nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn níbi gbogbo, ẹ̀yin sì gbọ́ ọ, ó dùn mọ́ yín, ẹ gbé e dàgbà.

Mi ò tọrọ àforíjì o! Bó di ọ̀la, màá tún un sọ. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn òyìnbó tó ni ín gan-an, ẹnu dé ẹnu ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Ará Faransé ló mú ọ̀rẹ́ tó gba ìyàwó ọba wọnú rẹ̀. Bí Faransé bá lè bu iyọ̀ sí i, kí ló dé tí Iyere ò ní í bu tirẹ̀ sí i? Kò sí ohun tó burú nínú kí ẹ fẹ́ràn èyí tí mo sọ. Ohun tó burú ni pé ẹ sọ ọ́ di kùmọ̀.

Hàmídù mọ̀. Òun ló dúró ti ẹ̀rọ ní Iyere, ojú rẹ̀ ń wo omi, etí rẹ̀ ń gbọ́ ààfin lẹ́nu mi, ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ ń bú u pé kò mọ ìtàn, gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kó sọ: "Màmá Sinimá yín ló fẹnu ara rẹ̀ fi ààfin kún un." Gbogbo yín ì bá dákẹ́. Kò sọ ọ́. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó gba ilé lọ. Nígbà tí mo lọ bá a, tí mo bi í pé kí ló dé tó dákẹ́, ó ní, "Ìyá Monica, ṣé kí n wá dójú tì yín lójú àwọn ọmọ wọ̀nyí nítorí fíìmù?" Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sunkún lójú ọ̀nà ilé. Ẹ̀bi tèmi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé mo ń ka ìsọkúsọ yín lórí fóònù, mo dákẹ́, mo ń retí kí ẹlòmíràn gbèjà rẹ̀. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, ó sì dùn mí.

Ẹ ti ra tẹlifíṣàn ńlá fún mi, mo rí i nínú ọ̀rá rẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹ má gbé e wá. Ẹ fetí sílẹ̀ ná. Ṣé ẹ ń gbọ́ ohun tó ń dún lẹ́yìn gbọ̀ngàn? Jẹnẹrétọ̀ ni. Ta ló ń tọ́jú rẹ̀? Ẹ yọ ọ́ lẹ́gbẹ́, ẹ tún ránṣẹ́ pè é pé kó wá tan iná fún ìnáwó ẹgbẹ́! Ó wà níbẹ̀ láti àárọ̀, ẹnì kan ò ní kó wọlé mu omi. Ojú ò tiẹ̀ tì yín!

Hàmídù, Bàbá Rùqáyyàh o! Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ yẹn! Mo ní kí ẹ pa á, ẹ wọlé wá!

Ó ti pa á. Ẹ rí i, fáànù ti dúró, máìkì ti kú, kéèkì yín ti ń yọ́. Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn, ẹ sún mọ́ mi kí ẹ lè gbọ́. Òun nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ọwọ́, ó ń wá ibi tí yóò dúró sí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún un ní àyè ìdúró! Ìjókòó ni mo ń wí. Mi ò ní í gbàdúrà, mi ò ní í gba ẹ̀bùn, mi ò sì ní í kúrò lórí ìdúró yìí títí yóò fi jókòó. Mo ń dúró o. Ta ni yóò dìde?

Ṣèyíọlá.

O ṣé, ọmọ mi. Fi ọwọ́ nu àga náà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni. Dọ̀bálẹ̀ dáadáa, má fi orúnkún nìkan ṣe é. Hàmídù, ẹ má wulẹ̀ sọ pé kò tó nǹkan, ó tó nǹkan. Ẹ jókòó.

Ó jókòó.

Olúwa, bùkún ilé yìí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ óò pẹ́ fún wa. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ń dàgbà, ọkàn yín ò ní í kéré. Ibi tí ẹ bá ti ṣiṣẹ́ kára, wọn ò ní í dá yín dúró síta. Alága, Fadá, Alhaji, gbogbo ẹni tó wá nítorí mi, ayọ̀ ni yóò máa pè yín jáde, kì í ṣe ẹkún. Ooru ń mú, mo mọ̀. Ẹ fara dà á, ẹ jẹ́ kí Hàmídù simi díẹ̀. Ẹ ṣé o.