Iṣẹ́ Tí Mèsíyé Léonce Rán Mi Tí N Kò Jẹ́

Ẹ̀yin ará Sakété, ẹ̀yin ará Pobè, ẹ fetí sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ń jẹ mí nínú bí kòkòrò ṣe ń jẹ àgbàdo inú àká, bí n kò bá sì tú u jáde kí Jímọ̀ yìí tó dé, ohun tí mo bàjẹ́ kò ní ṣeé tún ṣe mọ́. Èmi ni Martial Ṣóbándé, òṣèré aláwàdà tí ẹ ń pè ní Mẹ̀tírì, ẹni tó máa ń wọ kóòtù tó gùn dé orúnkún, tó ń kọ nǹkan rúdurùdu sára pátákó bí olùkọ́, tí ẹ ó sì máa rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú yín. Ẹ ti pàtẹ́wọ́ fún mi tó. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo fi ẹnu yìí kan náà ṣe. Mo dínà mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ojú mi sì là kedere nígbà tí mo ń ṣe é.

Victorine ni orúkọ ìyá ọmọ náà. Lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Pobè lọ sí Onigbolo ló ti ń ta àtàsì, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀, fún àwọn awakọ̀ ajagbe. Ó wá wo eré ní Sakété lọ́jọ́ Àìkú kan, eré tí mo ti ń ṣe olùkọ́ fisíìkì. Bí eré ti parí, ó wá bá mi lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó kúnlẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ kí mi kú iṣẹ́ ni. "Mẹ̀tírì, ẹ gbà mí. Ọmọ mi Flavienne ti dé kíláàsì àṣekágbá ní lísè, ilé ìwé gíráámà wọn, ìdánwò bàkì tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì ló kàn. Bàbá rẹ̀ ti kú, èmi ò mọ̀wé. Ẹ wá máa kọ́ ọ ní fisíìkì nílé." Mo ní, "Ìyá, eré ni mo ń ṣe o." Ó ní, "Ẹni tí ò mọ nǹkan dénú, ṣé ó lè fi í ṣeré?" Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ó dùn mọ́ mi ju oyin lọ. Èmi tí ilé ìwé ti sú kí n tó dé ìdajì kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹnìkan kúnlẹ̀ fún mi nítorí ìmọ̀! Ó yẹ kí n sọ pé rárá. Ẹnu mi là, mo ní, "Ìgbà wo ni ká bẹ̀rẹ̀?"

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń gun sẹ́mìjan láti Sakété, lẹ́yìn alùpùpù náà ni mo sì ti ń wo ẹ̀kọ́ lórí fóònù. Ohun tí mo bá há sórí lọ́nà ni mo ń pọ̀ sílẹ̀ ní Pobè. Ibi tí mo bá gbàgbé, àpárá ni mo ń fi dí i. Àwọn awakọ̀ ń gbé àwo wọn wá jókòó yí wa ká. Ìyá Flavienne ń rẹ́rìn-ín, ẹni tí wọ́n ní kò tíì rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ẹja orí àtàsì mi di méjì. Flavienne nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà máa ń kólòlò díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá mú gègé, ọwọ́ rẹ̀ kì í kólòlò.

Lọ́jọ́ kan, mo mú ọsàn, mo jù ú sókè tààrà. Mo ní, "Ẹ wò ó! Ó dé òkè pátápátá, ó dúró! Kí ló dé tó dúró? Nítorí kò sí ohun tó ń fà á mọ́. Ó ń sinmi!" Ọsàn já lu àtàrí mi. Ilé hó. Flavienne nawọ́. "Mẹ̀tírì, ẹ má bínú. Bí kò bá sí ohun tó ń fà á, ṣé kò ní wà lókè níbẹ̀ ni? I-ilẹ̀ ò dẹ́kun láti máa fà á." Awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Dominique ju ṣíbí sílẹ̀: "Háà! Ọmọ ti há olùkọ́ mọ́ igun ògiri!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rín tí mo pè, èmi ni wọ́n ń fi rín. Àwa tí a ń ṣeré orí ìtàgé ní ọgbọ́n kan: bí ọ̀rọ̀ bá sọnù lẹ́nu wa, a ó da ẹ̀rín náà sórí ẹni tó dúró tì wá. Mo yí ẹnu po, mo ní, "I-i-i-ilẹ̀ ò dẹ́-dẹ́-dẹ́kun!" Àwọn ènìyàn ṣubú lulẹ̀. Ìyá rẹ̀ pàápàá fi ìborùn bo ẹnu. Flavienne gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó wọlé. Mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, àtàrí mi tó wú ń jẹ́rìí. Ṣé ẹ rí irú ènìyàn tí mo jẹ́? Ẹ dúró ná. Èyí kéré.

Láti ọjọ́ náà, kò bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́. Lọ́sàn-án kan tí ìyá rẹ̀ lọ ra ẹ̀wà ní Takon, ọkùnrin kan gun alùpùpù wọ àgbàlá, eruku kún irùngbọ̀n rẹ̀. Mèsíyé Léonce ni, olùkọ́ fisíìkì tòótọ́ ní lísè wọn. Ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà, n kò sì sọ pé èmi kọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi jẹ́ iṣẹ́ kan fún ìyá rẹ̀. Ọmọ yìí ló mọ fisíìkì jù ní kíláàsì mi, ṣùgbọ́n ó ti dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbá lẹ́nu. Kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ilé ìwé, ọ̀fẹ́ ni. Kí ìyá rẹ̀ sì tètè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún bàkì." Mo ní, "Ó ti jẹ́ jíjẹ́." Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, kí á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi, wọ́n rán mi níṣẹ́ ọmọ, mo fi tẹrú jẹ́ ẹ. Ìyá Flavienne dé, igbá ẹ̀wà ṣì wà lórí rẹ̀. Mo bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọmọlúàbí ni mí ṣá! Mo wá ní, "Ìyá Flavienne, olùkọ́ rẹ̀ ló wá. Ó ní orí ọmọ yìí ò gba ìwé. Ó ní kẹ́ ẹ má wulẹ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìtìjú ló máa já sí. Èmi náà ti fẹ́ sọ ọ́ tipẹ́, àánú yín ló ń ṣe mí." Kí ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rù ni. Bí ọmọ náà bá dé ọ̀dọ̀ Léonce, gbogbo ayé á mọ̀ pé òfìfo ni mí. Obìnrin náà jókòó sórí ilẹ̀ lásán. Kò sunkún. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! "Ẹ ṣeun tí ẹ ò tàn mí jẹ, Mẹ̀tírì." Flavienne dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. Mo kọjú sí ẹja mi.

Ìyá rẹ̀ kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì jẹ́ kó lọ sílé ìwé mọ́. Kò pẹ́, ìjọba ṣí Léonce lọ sí lísè mìíràn ní apá àríwá. Flavienne ń fọ àwo fún àwọn awakọ̀. Bó bá dárúkọ ilé ìwé, ìyá rẹ̀ á ní, "Olùkọ́ méjì ló sọ ọ́, ọmọ mi. Ṣé o mọ̀ ju olùkọ́ méjì lọ ni?"

Ní Àìkú tó kọjá, mo wà lórí ìtàgé ní Sakété, mo ju ọsàn sókè. Mo rí Flavienne àti ìyá rẹ̀ níwájú. Ètè ọmọ náà ń mì, láìsí ohùn. Mo mọ ohun tó ń sọ: ilẹ̀ ò dẹ́kun láti máa fà á. Mo bọ́ kóòtù, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Irọ́ ni mo pa! N kò mọ fisíìkì! Mo ba ti ọmọ yìí jẹ́!" Kí ni àwọn ènìyàn ṣe? Wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́! Wọ́n ní n kò tíì ṣeré tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá Flavienne rẹ́rìn-ín títí gèlè fi já lórí rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, mo sáré lọ sí Pobè. Mo ní, "Ìyá Flavienne, Mèsíyé Léonce ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo dá a sọ." Ó di ikùn mú. "Mẹ̀tírì, ẹ ò ní fi ẹ̀rín pa mí! Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ tàná!" Mo bú sẹ́kún. Ó figbe pe aládùúgbò rẹ̀: "Prudence! Yára wá wo Mẹ̀tírì, ó ń sunkún bí ẹni pé òótọ́ ni!"

Flavienne ló sìn mí dé títì. Mo ní, "Ṣé o mọ̀?" Ó ní, "Mo mọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ sọ ọ́. Mèsíyé Léonce ti sọ fún mi pé òun ń bọ̀ wá yìn mí lójú ìyá mi." "Kí ló dé tí o ò wí nǹkan kan?" "Kí n ní kí ni? Pé àgbà tó ń jẹun nílé wa ń purọ́? Ta ni yóò gbà mí gbọ́? Mo ní ẹ̀yin fúnra yín á sọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la dé, ẹ jẹ àtàsì, ẹ lọ. Mo tún ní ó di ọ̀la." Kò kólòlò níbì kankan. Ó ní, "Jímọ̀ ni wọ́n ń parí ìforúkọsílẹ̀. Ẹ wá nǹkan ṣe, Mẹ̀tírì."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá bi yín ní ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀. Ìtìjú rẹ̀ kì í ju ọjọ́ kan lọ. Flavienne, dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí o ò bá lè ṣe é, ẹjọ́ rẹ kọ́. Ẹ̀yin yòókù, ẹ bá mi wá Victorine alátàsì rí kí Jímọ̀ tó dé, kí ẹ ka èyí sí i létí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kà á, ìyá rẹ̀ yóò ní ọmọ náà ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ohùn ara yín ni kí ẹ fi kà á. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe sín mi jẹ, ẹ má fi ohùn mi kà á, nítorí bó bá ti gbọ́ ohùn mi, ẹ̀rín ni yóò bú sí.