Lórí Tèmi, Ó Ń Ṣiṣẹ́

Má sọ ọ́! Tíṣà, mo bẹ̀ ọ́, gbogbo ohun tó bá wù ọ́ ni kí o sọ sí mi lónìí, sọ pé orí mi gbóná, sọ pé ogbó ló ń dà mí láàmú, ṣùgbọ́n má sọ fún mi pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí tìẹ! Mo ti gbọ́ ọ gbọ́ ọ, etí mi ti kún. Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé fídíò yẹn sórí ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ yín, kò sẹ́ni tí mo bi tí kò ní kí n fara balẹ̀, pé tíṣà kọ̀ǹpútà ní ó ń ṣiṣẹ́ lórí tòun. Ṣé tìẹ ni mo fẹ́ fi wò ó ni? Ṣé tìẹ ló wà nínú àpò éépírọ́ọ̀nù mi? Ojú olójú kò jọ ojú ẹni, wọ́n ti ń sọ ọ́ kí wọ́n tó bí ẹni tó bí ọ.

Rárá, mi ò jókòó. Ta ló ráyè ìjókòó? Mo pa áyọ́ọ̀nù, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, aṣọ ìbùsùn òtẹ́ẹ̀lì ga nílẹ̀ bí òkè, àwọn àlejò wọn á sì fẹ́ sùn lórí nǹkan lálẹ́ òní. Ọ̀rọ̀ yìí ló lé mi jáde. Ó dáa, mo jókòó. Mo ti jókòó báyìí, ṣé ìjókòó mi ló máa jẹ́ kó ṣí?

Ìwọ náà kọ́ ọmọ-ọmọ mi, Afínjú, o mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ lókèèrè, ọwọ́ mi ni ọmọ náà dàgbà sí. Èmi ni mò ń dirun fún un, èmi ni mò ń fọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, tí mò ń lọ ọ́. Ọjọ́ ìparí ẹ̀kọ́ wọn, ẹ ní kó wá sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ti yan aṣọ tí màá wọ̀! Ẹ̀rọ ìfọṣọ kàn dédé kọṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọwọ́ ni mo fi fọ gbogbo ẹrù òtẹ́ẹ̀lì, omi dé mi ní kókósẹ̀. Mo ní kò burú, wọ́n kúkú ní wọ́n á ya fídíò, màá wò ó lórí fóònù. Àṣé ara mi ni mò ń tàn.

Torí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló mọ́ tí wàhálà dé. Obìnrin tó ń tàwé ní ìkóríta wọlé wá gba búláòsì rẹ̀. Dípò kó wo iwájú, kó kí mi kú iṣẹ́, kó máa lọ, ó yí aṣọ padà, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí ló dé, àbí mo jó o ni? Ó ní rárá o, Ìyá, ẹ̀yìn rẹ̀ dán, ẹ lọ wo fídíò. Nọ́ọ̀sì tó máa ń kó aṣọ wá dé, òun náà yí tiẹ̀ padà! Awakọ̀ tó ń gbé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yín dé, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, tí ojú rẹ̀ máa ń le bí aṣọ tí sítáàṣì pọ̀ jù nínú rẹ̀, òun náà yẹ ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì wò, eyín rẹ̀ yọ síta. Kí ló wà lẹ́yìn aṣọ? Ṣé mo kọ nǹkan síbẹ̀ ni?

Gbogbo ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn lọ́jọ́ náà ló mọ ohun tí ọmọ yìí sọ nípa mi, èmi tí wọ́n sọ ọ́ nípa mi ni mi ò mọ̀. Mo bi wọ́n, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ba adùn rẹ̀ jẹ́. Adùn ta ni? Mo pe Afínjú níbi tó ti lọ kàwé, ó rẹ́rìn-ín títí ìpè fi já. Tíṣà, iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun ni o! Torí pé ọwọ́ mi mọ́ ni wọ́n ṣe ń kó aṣọ wá bá mi. Tó bá lọ sọ lójú gbogbo ayé pé mò ń jó aṣọ aláṣọ ńkọ́? Tó bá ní mò ń wọ aṣọ oníbàárà lọ sóde ńkọ́? Irọ́ ni o! Kí áyọ́ọ̀nù jó mi lọ́wọ́ tí mo bá dán an wò rí!

Ni mo bá gbé fóònù mi. Mo tẹ ibi tí wọ́n ní kí n tẹ̀. Àpótí dúdú kan yọ, òbìrípo kékeré kan wà láàárín rẹ̀, ó ń yí. Mo lọ gbogbo àpò ìrọ̀rí tán, mo padà dé, ó ń yí. Mo jẹun, mo fọ abọ́, ó ń yí. Ẹ̀rọ ìfọṣọ pàápàá, tó bá yí títí, a máa dúró, a sì máa fún èèyàn láṣọ! Aṣebàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní búráúsà mi ló ti gbó, ó ní ìyẹn ni ẹnu ọ̀nà tí fóònù ń gbà wọ ìkànnì, ó bá mi fi òmíràn sí i. Dátà mi lọ bí omi inú agbọ̀n. Òbìrípo ò yí mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àpótí dúdú wà níbẹ̀, ó dákẹ́, ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó.

O ní kí n pa á, kí n tún tàn án? Mo ti pa á, mo ti tàn án! Mo pa á, mo tàn án títí fóònù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bi mí pé ṣé kò rẹ̀ mí ni. O ní kí ni kí n kó dànù? Ìdọ̀tí inú rẹ̀? Ìdọ̀tí! Nínú fóònù èmi alágbàfọ̀? Tíṣà, ṣọ́ ẹnu rẹ o.

Aṣebàtà ní kí a wò ó lórí tòun. Tòun sọ̀rọ̀, àmọ́ kò ní àwòrán. Ojú rẹ̀ funfun báláú, ohùn ọ̀gá àgbà yín ń jáde látinú rẹ̀ bí ìgbà tí òkú bá ń kíni. Ó kí àwọn òbí, ó kí àwọn olùkọ́, ó kí àwọn tó to àga, mo ní ìyá yìí, kí ẹni tó o fẹ́ kí tán, ó wá pe Afínjú, ọmọ mi ní "Ẹ káàsán o," gbààmù, ohùn já. Ó já níbẹ̀! Aṣebàtà ń gbọn fóònù bí ẹni gbọn ìgò oògùn, n ò tún gbọ́ kiní kan.

Mo gba ilé ìyàwó ọmọ mi ọkùnrin lọ, ó ní fóònù ńlá kan tó fẹ̀ bí àwo. Ó kàn tẹ̀ ẹ́ ni, àwòrán yọ, ó mọ́ rekete! Mo rí Afínjú lórí pèpéle, mo rí ọ̀gá àgbà, mo tiẹ̀ rí orí rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ohùn ńkọ́? Ó yadi! Mò ń wo ẹnu ọmọ mi bí ẹni ń wo ẹja nínú omi. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ara rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá àgbà ń nu omijé, bàbá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Nítorí mi! Èmi sì jókòó síbẹ̀, mò ń wo àwọn tó ń fi mí rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ṣé wọ́n tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà?

Òtẹ́ẹ̀lì ló kù. Mo kó aṣọ wọn lọ, mo bẹ ọmọbìnrin tó ń gba àlejò pé kó bá mi ṣí i lórí kọ̀ǹpútà wọn. Kọ̀ǹpútà yẹn tiẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ilé, ó kọ̀wé sí wa. Mo ní kó kà á fún mi. Ó ní, Ìyá, ó ní òun ò mọ irú fídíò yìí rí. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Ni mo bá dìde, mo ní ó yá, ẹni tó gbé e síbẹ̀ ni kó wá gbé e sílẹ̀ fún mi.

Kí lò ń wò lójú kọ̀ǹpútà yẹn tí o fi ń họ irùngbọ̀n? Sọ̀rọ̀, etí mi wà níbí.

O ní kí ni? Tún un sọ, sọ ọ́ dáadáa kí ògiri náà lè gbọ́. O ní bí o ṣe di fídíò yẹn, ẹ̀rọ tìẹ àti ti àwọn díẹ̀ ló lè tú u? Tíṣà! O di ẹrù fún gbogbo ìlú, o wá fi kọ́kọ́rọ́ sápò! Lórí fóònù ta lo kọ́kọ́ dán an wò? Lórí tìẹ. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Kò sí! O wò ó lórí tìẹ, ó dùn mọ́ ọ, o pa iná, o relé! Ti aṣebàtà náà ńkọ́, tó rí ohùn tí kò rí àwòrán? Ohun kan náà, àbí? Ti ìyàwó ọmọ mi ńkọ́? O ní tiẹ̀ ò bàjẹ́, pé ìkànnì yín fúnra rẹ̀ ló ń pa fídíò lẹ́nu mọ́ títí èèyàn á fi tẹ àmì fèrè kékeré kan nísàlẹ̀? Ta ló sọ fún wa? Ẹ gbé ọmọ síwájú máìkì, ẹ wá fọwọ́ bò ó lẹ́nu!

Tún un dì, mò ń dúró. Dì í ní irú tí gbogbo fóònù á lè tú, ti olówó, ti tálákà, ti èmi. Áà, ó máa pẹ́ díẹ̀? Mo ti dúró fún òbìrípo, ṣé ìwọ ni mi ò ní dúró fún?

Yàrá yìí gbóná o. Ẹ̀rọ kún ibí bí adìyẹ inú àgò, kò sí atẹ́gùn. Kí lo ṣe wọ kóòtù nínú ooru báyìí? Fèrèsé gan-an ń làágùn. O ní òtútù ń mú ọ? Hùn. Ara ẹni lara ẹni.

Ó ti ṣe tán? Lórí tèmi, jọ̀ọ́, má fi tìẹ hàn mí, lórí fóònù èmi gangan ni mo fẹ́. Gbà á. Yéè! Àwòrán rèé! Àpótí dúdú ti lajú! Tẹ fèrè yẹn, ìwọ ni kó o tẹ̀ ẹ́, ọṣẹ ti họ ìka mi dán, fóònù kì í mọ̀ pé mo fọwọ́ kàn án. Tẹ̀ ẹ́ dáadáa... Ohùn dà? Kí ló ń kùn yẹn? Ó dà bí ẹni tí wọ́n fi tìmùtìmù bò lórí. O rí i bí? Àtúndì rẹ náà ṣì...

Kí lò ń wò nídìí fóònù? Ihò? Kí ló wà nínú ihò? Mú un wá kí n rí i. Funfun... Sítáàṣì ni. Hẹ̀n. Ó dáa, tèmi nìyẹn. Inú àpò éépírọ́ọ̀nù ló ń gbé, sítáàṣì ló ti gbẹ síbẹ̀. Fi búrọ́ọ̀ṣì rẹ gbọ̀n ọ́n kúrò, má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ni mo bá ọ wá sí. Tèmi ò ju ihò kan lọ, tìẹ jẹ́ ti gbogbo ìlú.

Dákẹ́! Ó ń sọ̀rọ̀. Afínjú mi nìyẹn. "Ẹ káàsán o." Ẹ ẹ́n, a ti gbọ́ ìyẹn, máa bọ̀. Kí ló ní? Ó ní ẹni tí òun fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ò sí níbí, ó wà nídìí aṣọ fífọ̀. Ó ṣeun, ọmọ mi. Ó ní gbogbo ayé mọ̀ pé kò sí ẹni tó mọ aṣọ lọ̀ bíi Ìyá àgbà òun. Ṣé o gbọ́ bí? Ó ní ṣùgbọ́n... Ṣùgbọ́n kí ni? Ó ní láàárọ̀ tí àwọn bá ti pẹ́ jí, kọ́là àti iwájú nìkan ni mo máa ń lọ̀... Há! Ọmọ yìí! Ó ní mo máa ń sọ pé wọ súwẹ́tà lé e, iwájú làwọn èèyàn ń wò... Yé! Ó tú mi fó! Ó ń fọwọ́ han ẹ̀yìn rẹ̀ fún wọn! Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ní kíláàsì, pé ẹ ṣeun tí ẹ rí i tí ẹ ò fẹjọ́ mi sùn!

Ìdí tí wọ́n fi ń yí aṣọ mi wò nìyẹn! Nọ́ọ̀sì! Awakọ̀! Ti oníbàárà kọ́, mo búra, ti ọmọ yẹn nìkan ni, ilẹ̀ ló máa ń mọ́ bá wa! Pa á rẹ́, Tíṣà, yọ ọ́ kúrò lórí ìkànnì yẹn kíá...

Dúró. Kò tíì tán. Kí ló ń sọ níbẹ̀ yẹn? Ó ní... ó ní kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí òun rìn wọ ilé ẹ̀kọ́ yìí tí ojú tì òun.

Rárá, ooru inú yàrá yín ni. Ooru a máa mú ojú èèyàn làágùn.

Má pa á rẹ́. Ta ló ní kí o pa á rẹ́? Fi í síbẹ̀, kí o sì rí i pé ó ń ṣí fún aṣebàtà, kó ṣí fún ìyàwó ọmọ mi, kó ṣí ní òtẹ́ẹ̀lì, kó ṣí lórí èyíkéyìí tó bá ní ojú. Tí ẹnì kan bá tún wá sọ fún mi pé àpótí dúdú lòun rí, màá padà wá jókòó sórí àga yìí, màá sì gbé ẹrù òtẹ́ẹ̀lì dání.

Dìde kí o sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Kí ló dé tí o ń fẹ̀yìn rìn bí akàn? Dúró ná. Tíṣà. Bọ́ kóòtù yẹn. Mo ní bọ́ ọ. Òtútù wo? Yí ẹ̀yìn sí mi... Yéè, ẹ gbà mí! Ẹ wo ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì! Ó rún bí ewé tí ewúrẹ́ pọ̀ sílẹ̀! Kọ́là dán, iwájú dán, ẹ̀yìn rèé! Inú fídíò ọmọ mi lo ti kọ́ ọ, àbí?

Há há há! Bí o ṣe lọ ṣẹ́ẹ̀tì náà lo ṣe lọ fídíò wa! Ibi tí ojú tìẹ tó nìkan! Gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́la, màá bá ọ lọ ẹ̀yìn rẹ̀, mi ò ní fẹjọ́ rẹ sùn.